Ọmọ líìgì kékeré: ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n gbé e gòkè? (Ọ̀rọ̀ Holliday ṣì ń ká mi lára)

BabaIbeji_Baltimore

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo mọ̀ pé àwa tí a ń wo bésíbọ́ọ̀lù níbí ò pọ̀, àmọ́ ẹjọ́ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá.

Lọ́dún 2024, àwọn Orioles, ẹgbẹ́ Baltimore wa níbí, gbé Jackson Holliday wá sí ẹgbẹ́ àgbà ní April 10. Ọmọ ogún ọdún ni. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ yàn ní 2022. Bàbá rẹ̀, Matt Holliday, ti ṣe iṣẹ́ yìí là ṣáájú rẹ̀. Nínú ọdún 2023 nìkan, ọmọ náà gun àkàsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin líìgì kékeré, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́: Delmarva, Aberdeen, Bowie, Norfolk. Ariwo orúkọ rẹ̀ gba gbogbo ìlú. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, mo kó àwọn ìbejì àti ìyá wọn lọ sí Camden Yards, pápá Orioles.

Ọmọ dúró, ó ju igi, afẹ́fẹ́ ló gbá. Ó tún dúró, afẹ́fẹ́ náà ni. Nínú ìdíje mẹ́wàá, bọ́ọ̀lù 2 nínú 34 ló rí gbá ire. Ìgbà 18 ni àwọn pitcher, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, lé e padà síjókòó. Nígbà tó di April 26, wọ́n ní kó padà sí Norfolk. Táíwò mi sunkún.

Èmi gbà pé wọ́n kánjú ni, àti pé ariwo àwa èrò ìwòran wà lára ohun tó fà á. Ṣé mo ṣì í ni? Kí ni ẹ̀yin ń wò kí ẹ tó sọ pé ọmọ kan ti tó gbé gòkè?

Alagba_Chicago

Baba Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ń sunkún pé wọ́n tètè gbé ọmọ yín wá. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwa.

Ní March 2015, Kris Bryant, ọmọ Cubs wa, gbá home run (bọ́ọ̀lù tó gbá fò jáde kúrò ní pápá) 9 nínú ìdíje ìgbaradì. Kò sẹ́lòmíì tó gbá tó bẹ́ẹ̀ lóṣù yẹn. Cubs ní ó dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sí Iowa ní líìgì kékeré, kó lọ tún ọwọ́ ìmúbọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe. April 17 ni wọ́n gbé e wá, sáà ò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo lẹnì kan ń kọ́ tán láàárín ọjọ́ méjìlá?

Ẹ bá mi ka ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí sáà parí, ọjọ́ 171 ló ní lókè. Òfin ní 172 ni ọdún kan. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù! Ọjọ́ kan yẹn ló sọ ọ́ di pé dípò kó gba òmìnira lẹ́yìn sáà 2020, ó di lẹ́yìn sáà 2021. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ 2020 kí wọ́n tó dá a, wọ́n sì ní Cubs ló jàre.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń bi mí pé ìgbà wo, ẹ kọ́kọ́ bi mí pé kàlẹ́ńdà ta ni.

Sade_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, Arsenal nìkan ni mo mọ̀. Mo kàn rí "líìgì kékeré" mo sì wọlé. Bukayo Saka ọmọ wa, 17 ló wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sójú pápá ní 2018. Kí ló dé tí ọmọ ogún ọdún fi jẹ́ ọmọdé lọ́dọ̀ tiyín? Kí sì ni ọ̀rọ̀ òmìnira yìí, ṣé ẹrú ni wọ́n ni?

IyaKehinde_PG

Àǹtí Ṣadé, ẹ káàbọ̀. Ìbéèrè ẹrú yẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ti ń bi ara wọn látayébáyé 😄

Ẹgbẹ́ ńlá 30 ló wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, àpapọ̀ 120: Single-A, High-A, Double-A, Triple-A. Ọmọ tí wọ́n bá mú láti ilé ẹ̀kọ́ tàbí láti Dominican Republic tàbí Venezuela, ìsàlẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ọdún márùn-ún, mẹ́fà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò dókè láéláé.

Owó ibẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2023, ẹni tó wà ní Triple-A, àkàsọ̀ tó kángun sókè, $35,800 ni owó rẹ̀ tó kéré jù lọ́dún. Ẹni tó wà lókè ní 2025, tó kéré jù, $760,000. Àkàsọ̀ kan ló wà láàárín wọn o.

Tó bá wá dókè, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí ẹgbẹ́ bá fún un ló máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ó lè gbé owó rẹ̀ lọ síwájú onílàjà tí wọn ò bá gbọ́ra wọn yé. Ó di ìgbà tí ọdún mẹ́fà bá pé kó tó lè lọ síbi tó wù ú. Sáà kan tó nǹkan bíi ọjọ́ 187, 172 ni wọ́n sì ń kà sí ọdún kan. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọmọ pamọ́ sísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ ní April ti jèrè ọdún keje. Ibi tí Bàbá Chicago ti ń bínú nìyẹn.

Mekaniki_Houston

Ah! Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé mi.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn, ọdún mẹ́rin la kọ sínú ìwé. Ọdún kẹrin pé, mo ní kí ọ̀gá mi ṣe frídọ̀mù fún mi. Wọ́n ní mi ò tíì mọ gíà. Mo kọ́ gíà. Wọ́n ní wáyà iná ń kọ́? Bẹ́ẹ̀, ta ló ń tú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá lọ òde àríyá ní Sátidé? Èmi ni. Ta ni oníbàárà ń béèrè? Èmi ni. Àmọ́ àpò tí owó ń bọ́ sí kì í ṣe tèmi. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe "ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n".

Ọ̀sẹ̀ méjì Iowa yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

KoosiFemi_Atlanta

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀gá díẹ̀, torí èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 14 sí 17 ní bésíbọ́ọ̀lù níbí, mo sì ti rí òbí tó fẹ́ kí n gbé ọmọ òun sókè kí ọmọ náà tó lè di okùn bàtà rẹ̀ dáadáa.

Lọ́dún 1973, Texas Rangers mú David Clyde, ọmọ ọdún 18, pitcher, tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò dé líìgì kékeré kankan. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìdíje rẹ̀ tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi jù ú sójú agbo ní June 27, níwájú èrò tó lé ní 35,000. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ẹgbẹ́ náà ń wá, èrò ò wá wọn wò tẹ́lẹ̀. Ó borí lọ́jọ́ yẹn. Àpapọ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀ wá jẹ́ ìborí 18 àti ìpàdánù 33, ìdíje rẹ̀ tó kẹ́yìn ní líìgì ńlá sì jẹ́ 1979. Ẹni ọdún 24.

À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ láàtàn.

Mekaniki_Houston

Kóòṣì, ta ló ń gba òròmọdìyẹ? Nínú ìtàn tí ẹ sọ yìí, ẹni tó ni agbo ló ta adìẹ. Nínú ti Bryant, ẹni tó ni agbo náà ló há a mọ́lé. Àṣá kan náà ni o, aṣọ ló pààrọ̀.

Ajibola_NJ

Mo kàn jókòó, mo ń jẹ gúgúrú.

Alagba_Chicago

Kóòṣì, Clyde dun èèyàn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi í dẹ́rù bà wá. Willie Mays ń kọ́? Ní 1951 ó wà ní Minneapolis ní líìgì kékeré, ó ń gbá .477, ìyẹn pé tó bá dúró nígbà ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48 tó máa gbá ire. Giants gbé e wá sí New York ní May. Ẹni ogún ọdún, bíi ti Holliday gẹ́lẹ́. Méjìlá àkọ́kọ́, òfo. Ó wá gbá home run kan, ọwọ́ Warren Spahn ló ti gbà á, ẹni tí kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn, òfo tún dé, ó di 1 nínú 26. Ọmọ náà sunkún, ó ní kí wọ́n dá òun padà. Leo Durocher, ọ̀gá wọn, ní kò sóhun tó jọ ọ́, òun ni yóò máa ṣọ́ àárín pápá lọ́la àti lọ́tunla. Nígbà tí ọdún parí, Mays gba àmì-ẹ̀yẹ Rookie of the Year, ti ọmọ tuntun tó dára jù lọ́dún.

Baba Ìbejì, 1 nínú 26 àti 2 nínú 34, ṣé ẹ rí i pé wọn ò jìnnà síra wọn?

BabaIbeji_Baltimore

Bàbá, mo rí i. Ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára. Tí wọ́n bá ti gbé e wá, kí ló dé tí wọn ò fi í sílẹ̀? Àbí tí wọn ò bá ní lè fi í sílẹ̀, kí ló dé tí wọ́n gbé e wá?

IyaKehinde_PG

Torí pé Orioles 2024 ń lépa ife-ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ tó ń borí ò ní sùúrù oṣù méjì fún ẹni tí igi rẹ̀ ò bá bọ́ọ̀lù pàdé. Ẹgbẹ́ tó ti wà nísàlẹ̀ tábìlì ní sùúrù, kò kúkú ní nǹkan mìíràn 😂

Sade_Peckham

Mo ti ń gbádùn ọ̀rọ̀ yìí o. Ìbéèrè kan: ṣé tí wọ́n bá dá ọmọ padà sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá yá fún ẹgbẹ́ kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ lọ ń kí i pé ó dàbọ̀.

Ajibola_NJ

Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá kì í padà sílẹ̀, àǹtí. Mike Trout, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí igi, ò padà rí.

KoosiFemi_Atlanta

Àbúrò, ẹ gbé gúgúrú yẹn sílẹ̀. Trout padà. Ó wọlé ní July 8, 2011, ọmọ ọdún 19, ó gbá .220 nínú ìdíje 40. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, Triple-A ní Salt Lake ló wà. April 28 ni wọ́n tún pè é, ó sì parí ọdún náà pẹ̀lú .326, home run 30, ó fi ẹsẹ̀ jí ibùdó gbà nígbà 49. Rookie of the Year, kò sẹ́ni tó dìbò fún ẹlòmíì.

Àǹtí Ṣadé, rárá, kò parí. Òfin gba ẹgbẹ́ láyè láti máa gbé ọmọ sókè sódò fún ọdún mẹ́ta, láti 2022 kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ lọ́dún kan. Roy Halladay (kì í ṣe Holliday ti Baba Ìbejì o) ni kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní 2000, Toronto, ó ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gbá a bí ìlù. 10.64 ni ERA rẹ̀, ìyẹn pé ẹni tó bá ju odindi ìdíje kan bíi tirẹ̀ á jẹ́ káwọn alátakò gba ju ayò mẹ́wàá wọlé. Ní 2001 wọn ò dá a dúró sí Triple-A, wọn ò dá a dúró sí Double-A, Single-A ní Dunedin ni wọ́n rán an lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ò tíì hu irùngbọ̀n. Wọ́n tún ọwọ́ rẹ̀ tò látìbẹ̀rẹ̀. Ní 2003 ó gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ pitcher tó dára jù. Ní 2010 ó tún gbà á.

BabaIbeji_Baltimore

Tiwa náà padà wá, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. July 31, 2024, pẹ̀lú Toronto, Camden Yards: ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, ọmọ náà gbá a jáde. Mo wà níbi iṣẹ́, mo pariwo, ọ̀gá mi ní ṣé kò sí o. Ní 2025 ó gbá home run 17. Kò tíì di Trout, àmọ́ kò di Clyde.

Dele_Seattle

Ẹ gbà mí láyè. Ẹgbẹ́ kan tó ṣe é lọ́nà méjèèjì nìyí, tiwa ni.

February 2021, ọ̀gá àgbà Mariners, Kevin Mather, lọ bá ẹgbẹ́ Rotary kan sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe lábẹ́ aṣọ, ó là á mọ́lẹ̀: pé àwọn ọmọ wa tó dára jù ò ní tètè wá sókè, kí ọdún wọn lọ́wọ́ wa má bàa dín. Fídíò jáde, ayé gbọ́, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Jarred Kelenic wà lára àwọn tí ó dárúkọ. Wọ́n gbé e wá ní May 13. Ó wọ inú òfo, 0 nínú 39. Wọ́n dá a padà ní June. .181 ló fi parí ọdún. December 2023, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Atlanta.

Ọdún kejì rẹ̀, Julio Rodríguez. Kò dé Triple-A rí! Double-A ní Arkansas ló ti fò wá, ọmọ ọdún 21, ó sì wà lójú pápá láti ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà. April rẹ̀ ò dùn, wọ́n ń lé e padà síjókòó ṣáá. Ọ̀gá wọn ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Rookie of the Year.

Kí ló yí padà láàárín ọdún méjì yẹn? Àdéhùn tuntun láàárín àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù ní March 2022. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá gbé ọmọ tó lórúkọ wá láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ọmọ náà bá gba Rookie of the Year, ẹgbẹ́ náà á gba àyè kan sí i nígbà tí wọ́n bá ń yan ọmọ tuntun. Mariners gba tiwọn ní 2023. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì nínú ìbò náà, ẹ kà á sí odindi ọdún kan fún un, ì báà jẹ́ May ni wọ́n gbé e wá.

Alagba_Chicago

Ẹ ṣeun, Délé. Ẹ wá wo Pittsburgh. Paul Skenes, àkọ́mú 2023, wọ́n fi í sí Indianapolis, Triple-A wọn, títí di May 11, 2024. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó rẹ ọwọ́ rẹ̀. Kò burú. Ó gba Rookie of the Year, òfin sì fún un ní ọdún rẹ̀ pé pérépéré. Àyè afikún tí Seattle rí gbà, Pittsburgh ò rí i. Wọ́n há ọmọ mọ́lé, wọn ò jèrè ọdún, wọn ò jèrè àyè. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ náà ju bó ti yẹ Kristẹni lọ.

KoosiFemi_Atlanta

Bàbá, ọ̀rọ̀ ọwọ́ pitcher yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá o. Apá ọmọ ọdún 21 tó ń ju maili 100 ní wákàtí kan, èmi náà á rọra ṣe é. Àmọ́ ìsinmi náà ṣeé fún un lókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wò gan-an, torí Baba Ìbejì béèrè, a sì ti sá fún un. Kì í ṣe iye tí ọmọ ń gbá. Iye tó ń gbá ní Norfolk ń sọ fún mi pé ó lágbára ju àwọn tó wà ní Norfolk, tán. Pitcher tó dára jù níbẹ̀ ò ní pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á gbé òun náà lọ. Ohun tí mò ń wò ni bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó gbá. Ṣé ó ń fi í sílẹ̀? Tí wọ́n bá jù ú síta, tó tẹ̀ wálẹ̀ lójijì, ṣé igi rẹ̀ ń tẹ̀ lé e? Tó bá ń tẹ̀ lé e ní Triple-A tó sì ń rí ọ̀nà gbé e gbà, lókè wọn ò ní dá a sí. Wọ́n ní fídíò gbogbo ìgbà tó ti dúró rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo líìgì ti mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò.

Ìkejì: ṣé àyè wà fún un lójoojúmọ́, níbì kan ṣoṣo? Ẹ wo Kristian Campbell ní Boston, 2025. Ó bẹ̀rẹ̀ sáà lókè, wọ́n fún un ní ọdún mẹ́jọ àti $60 mílíọ̀nù, ó gba àmì ọmọ tuntun oṣù àkọ́kọ́. Lónìí ibùdó kejì, lọ́la ẹ̀yìn pápá, ẹnì kan fara pa ní ibùdó kìíní, wọ́n ní kó tún lọ kọ́ ìyẹn. May dé, igi rẹ̀ dákẹ́. June, ó ti wà ní Worcester, líìgì kékeré. Mi ò sọ pé ibùdó kìíní ló fa gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, ẹ má gbé ẹrù lé e lórí.

Ọdún kan náà, Nick Kurtz, Athletics. Wọ́n mú un ní July 2024, April 2025 ó ti dókè. Kò tíì pé ọdún kan! Ibùdó kìíní ni wọ́n fi í sí. July 25, home run mẹ́rin nínú ìdíje kan, 6 nínú 6. Ó mọ bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ orí ò bá a dé ibẹ̀.

Wale_Ottawa

Gbogbo àwọn tí ẹ ń dárúkọ ló dókè o. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọmọ wa kan.

Demi Orimoloye. Olúwadémiládé. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, ìtòsí wa níbí ní Orleans ló dàgbà sí. Milwaukee mú un ní 2015, ìpele kẹrin. Ara bí òkè, ẹsẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Àwa ará ibí ti ń ka ọjọ́: ọmọ Yorùbá ń lọ líìgì ńlá! Ní August 2018, Milwaukee fẹ́ Curtis Granderson láti Toronto fún oṣù kan tó kù nínú sáà. Démi ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀. Inú wa dùn, Toronto ṣá ni, Canada ni. Kò dókè. Wọn ò há a mọ́lé, wọn ò sì kánjú gbé e. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń sọ pé igi rẹ̀ ò tíì dúró.

Gift Ngoepe láti South Africa, Pittsburgh gbà á ní 2008. Ọdún kẹsàn-án ló tó dókè, April 26, 2017, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá. Jon Lester ju bọ́ọ̀lù sí i, ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró, ó gbá a ire. Kò pẹ́ lókè rárá. Àmọ́ mo rí ojú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ ń bi ara yín pé April ni àbí May. Fún ọ̀pọ̀ wọn, ìbéèrè náà ni pé ṣé ẹnikẹ́ni rántí orúkọ mi.

IyaKehinde_PG

Wálé, ẹ ò jẹ́ kí n rí nǹkan sọ mọ́.

Ohun tí mo kàn fẹ́ fi kún un: àdéhùn tó wà nílẹ̀ yìí máa parí ní December 1, 2026. Àwọn ọ̀rọ̀ ọjọ́ 172 àti ọdún mẹ́fà yìí wà lára ohun tí wọ́n máa gbé sórí tábìlì. Ẹ fojú sọ́nà.

BabaIbeji_Baltimore

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Lórí kàlẹ́ńdà, mo gbà fún Bàbá Chicago: ọ̀sẹ̀ méjì April yẹn, jìbìtì ni. Lórí bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe tirẹ̀, mo gbà fún Kóòṣì. Lórí Holliday, mi ò tíì gbà. Mo ṣì rò pé tó bá lo April àti May ní Norfolk, Táíwò ò ní sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ dákẹ́. Oṣù mẹ́jọ tí ọ̀gá yín fi dá yín dúró yẹn, ẹ bá mi sọ òótọ́: nígbà tí ẹ wá dá dúró, ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n?

Mekaniki_Houston

Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí mo dá tú lójú ara mi, mo bà á jẹ́. Peugeot 504. Mo tò ó tán, ó ń mu epo bí ọ̀mùtí. Oníọkọ̀ dúró, ó wo ojú mi, ó ní kí n tún un tú.

BabaIbeji_Baltimore

Ẹ wá tún un tú?

Mekaniki_Houston

Ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ló ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe títí mo fi kúrò n'Íbàdàn.